Kébù Tó Mu Omi

Ẹni tó bá mọ Mùtíù Oníwáyà dáadáa ní Ẹgbẹ́dá yóò sọ fún yín pé àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò gbà rí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun lè bàjẹ́. Tí rédíò tó tún ṣe bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, iná ìjọba ni yóò kọ́kọ́ bú. Tí iná bá wà, ẹni tó ni rédíò ni yóò bú. Tí onírédíò bá sì jẹ́ àgbàlagbà tí kò ṣeé bú, Mùtíù á yí rédíò náà síwá sẹ́yìn, á ní, "Àbí orí ọ̀kadà lẹ gbé e sí wá, Màmá?" Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni màmá fi rìn wá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ rédíò ní Dópẹ̀mú, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ìsọ̀ fọ́kanáísà. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí. Rédíò kì í fi bẹ́ẹ̀ wá fún àtúnṣe mọ́, díìṣì tẹlifíṣọ̀n ló kù, tó ń torí ẹ̀ gun òrùlé olórùlé láti Akówọnjọ títí dé Ìgàndó, tó ń kan kébù funfun mọ́ ògiri ilé onílé. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Rédíò ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì tí gbogbo wa mọ̀. Èyí ń gbèsì. Ìjọba ló fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lẹ́yìn tó ṣe ìdánwò, òun àti àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé tí wọn kì í ṣe iléeṣẹ́, tí wọn kò ta nǹkan kan, tí wọ́n kàn fẹ́ràn láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Akówọnjọ, pe rédíò náà ní orogún òun. Kò sì parọ́ púpọ̀.

Nínú gbogbo ẹrù inú yàrá yẹn, kébù ni Mùtíù fi ń yangàn jù. Áńtẹ́nà wà lókè, wáyà gígùn tó ta láti ọ̀pá irin orí òrùlé dé orí igi máńgòrò láńlọ́ọ̀dù. Rédíò wà nísàlẹ̀. Kébù ló ń gbé ohùn lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Dúdú ni, ó ki, ara ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n tú palẹ̀ ní Àpápá ni Mùtíù ti rà á, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ kébù díìṣì lójú rẹ̀. Ibi tí ó ti so mọ́ áńtẹ́nà lókè, kò fi téèpù dúdú dì í bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe. Rọ́bà túbù ló fi dì í, bó ṣe rí i lọ́wọ́ fọ́kanáísà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láyé ọjọ́un: kí o ya túbù kẹ̀kẹ́ bí ọ̀já, kí o fà á le, kí o máa wé e títí atẹ́gùn kò fi ní rí ibi gbà. "Omi wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀?" Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Kò bi ara rẹ̀ rí pé tí omi bá wọ ibẹ̀, ibo ni yóò gbà jáde.

Qonitah nìkan ni Ọlọ́run fún òun àti Sìdíkátù. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, Mùtíù fi họ́ọ̀sì omi kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kébù. Ó lu họ́ọ̀sì gígùn kan ní ihò wẹẹrẹ, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ omi, ó ní kí ọmọ gbé garawa sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Omi tó dé inú garawa kò tó ìdajì èyí tó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde. "Bí kébù ṣe ń ṣe ohùn nìyẹn," ó ní. "Kò sí kébù tí kì í jẹ lára ohùn. Èyí tó dáa ń jẹ díẹ̀. Èyí tí kò dáa lè jẹ ẹ́ tán kó tó dé òkè." Ọmọ náà bi í pé tí kébù bá ti jẹ ohùn tán, ṣé yóò yó. Mùtíù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló mú un wọ yàrá ẹ̀rọ, kò sì lé e jáde mọ́.

Qonitah gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wá lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan lórí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí gbogbo ilé dúró lórí òpó igi, tí èèyàn ń tukọ̀ láti ojúlé kan dé èkejì. Abdulmuiz ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè ọya, bóyá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń rí ara wọn. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó wà nítòsí ibẹ̀ wó sínú omi lọ́jọ́ tí ìjì kan jà, kò sì sẹ́ni tó padà wá gbé e dìde. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù pe èèyàn gbọ́dọ̀ tukọ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ni Mùtíù bá to rédíò kékeré kan pọ̀ fún ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti pátákó sólà kan, ó ní, "Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́."

Láti ìgbà náà ni aago márùn-ún ti di nǹkan ọ̀wọ̀ nínú ilé yẹn. Sìdíkátù á ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ohùn Qonitah á jáde gaara bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Oògùn tó tán, aláboyún tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn, Mùtíù á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á fi fóònù pe Táyéwò, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Ìgbòkòdá tí ọkọ̀ tirẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì gbéra. Obìnrin mẹ́fà ló bọ́ lọ́wọ́ ikú lọ́nà yìí láàárín ọdún kan. Mùtíù kò rí ẹnì kankan nínú wọn rí, ṣùgbọ́n ó ń béèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìyátọmọ, bí ẹni ń béèrè àwọn ìbátan rẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn náà ni Qonitah fúnra rẹ̀ lóyún. Nígbà tó pé oṣù méje, ìyá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Èkó kó wá bímọ sí àárín àwọn èèyàn rẹ̀. Qonitah ní obìnrin mẹ́rin ló ń retí ìkúnlẹ̀ ní abúlé lóṣù náà, tóun bá lọ, ta ni kóun fi wọ́n lé lọ́wọ́? Ó ní òun á wá tóṣù bá yí. Oṣù yí, òjò dé.

Òjò ọdún náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, ó dà bí ẹni pé Qonitah ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dà bí ẹni pé ojúlé kejì ló wà. Abẹ́rẹ́ ojú rédíò, tó máa ń fò dé àárín tí ọmọ náà bá ti lanu, kò kúrò nílẹ̀ mọ́. Mùtíù ní kó nu ojú pátákó sólà. Ó nù ún. Ó ní kó tú wáyà bátìrì kó fi ọ̀bẹ ha ìdí ẹ̀. Ó ha á. Ó ní kí wọ́n bá a gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sókè sí i, wọ́n sì gbé e. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

"Bàbá Qonitah," Sìdíkátù sọ lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ ti yẹ tiwa náà wò ṣá? Òjò tó ń pa wọ́n lọ́hùn-ún ń pa àwa náà níhìn-ín o."

Mùtíù wò ó bí ẹni tó ní kó padà sí ilé-kéú lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kírun. Ó gbé mítà kékeré kan síwájú rẹ̀. Mítà yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá agbára tí rédíò tì lọ sí òkè ń padà sẹ́yìn. Tí áńtẹ́nà bá já, agbára á padà, abẹ́rẹ́ mítà á sì fò. Mùtíù tẹ máìkì. Abẹ́rẹ́ kò mira. "Ṣé o rí i báyìí? Ó tiẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bátìrì ọmọ yẹn ló ń kú, jàre. Oòrùn ò sí tí sólà máa jẹ."

Mítà kò parọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tirẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Kébù tó bá ti mu omi a máa jẹ agbára tó ń lọ sókè, a sì tún máa jẹ ìwọ̀nba tó bá ń padà bọ̀. Nǹkan kan kò ní dé ọ̀dọ̀ mítà mọ́, mítà á sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé ayé dára. Mùtíù mọ èyí. Ó wà nínú ìwé tó kà fún ìdánwò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Àmọ́ kébù àwọn ẹlòmíràn ló kà á mọ́, kì í ṣe ti Àpápá.

Kí a má tiẹ̀ sọ ti ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó máa ń hó nínú rédíò rẹ̀. Òun náà lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, Mùtíù sì ṣe alhamdulillahi. Zacchaeus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ orí afẹ́fẹ́, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Àkúrẹ́, tó máa ń tẹ́tí sí wọn ní aago márùn-ún, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́, pé ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Mùtíù dá a lóhùn pé etí àgbà ni, kí Tíṣà lọ wá oògùn kán sí i. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rí mẹ́ta ló jókòó tì í, ó ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀, ká ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyẹn ni, ì bá sàn. Ohun tó burú jù ni pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ pé òun gbọ́. Ọmọ tó lóyún, tó dá wà lórí omi, bàbá wo ló fẹ́ sọ fún un pé, "Mi ò gbọ́ ẹ"? Ẹ̀rù á bà á. Nítorí náà, tí ohùn Qonitah bá jáde bí èémí lásán, tó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá ni ó mú, Mùtíù á tẹ máìkì, á ní, "Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Má mikàn." Tó bá di ọjọ́ kejì, á dọ́gbọ́n bi í pé kí ló tún ní òun fẹ́ gan-an, kóun lè rí i pé ó pé, ọmọ náà á sì tún un sọ, òun á mú díẹ̀ sí i. Ọgbọ́n yẹn gbè é fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Ajé kan, òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Nígbà tí aago márùn-ún lù, Mùtíù gbé gbohùngbohùn sí etí méjèèjì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí etí fi ń dùn ún. Ó gbọ́ "Bàámi." Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó gbọ́ kò yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn bá ń rún ọ̀rá lọ́wọ́. Ó pẹ́ o. Qonitah kì í sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó tún gbọ́ "Bàámi" lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì mọ̀ nínú bí ó ṣe pè é pé ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan. Kò mọ ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Kí ló wí?" Sìdíkátù bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ní àlàáfíà ni."

Ó yí padà, ó tẹ máìkì. Lójú tirẹ̀, bátìrì ọmọ náà ló ń pòfóló yẹn, tí wọ́n bá sì lò ó kú pátápátá, nígbà tí ìrọbí bá mú un ńkọ́, kí ni yóò fi pè wọ́n? "Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi," ó ní, ó ń pariwo. "Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Wàá pa rédíò yẹn báyìí. Má pe ẹnikẹ́ni títí di Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún, kí sólà lè ráyè bọ́ bátìrì. Ọjọ́bọ̀ o! Ṣé o gbọ́?" Ó gbọ́ ìró kékeré kan lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí èèyàn ń dúpẹ́. Ó yọ gbohùngbohùn kúrò létí, ó rí i pé òógùn ti mu aṣọ òun.

Ọjọ́ kejì kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń tú ẹ̀yìn rédíò oníbàárà kan, ìdè méjì bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kò sì rí i. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà jẹ́ agbẹ̀bí, ó mọ ara rẹ̀ í tọ́jú. Ó sọ ọ́ títí ó fi sú u.

Ní Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago méjì, ó wà lórí òrùlé ilé kan ní Gowon Estate, ó ń de díìṣì mọ́lẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Zacchaeus ni.

"Mùtíù, ọ̀nà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé ọmọ wa dé ilé ìwòsàn?"

"Ọmọ wo, Tíṣà?"

"Qonitah ni o! Ọkọ̀ tó ní kí o bá òun rán, ṣé ó tètè dé?"

Mùtíù fi díìṣì sílẹ̀. Zacchaeus rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, ó gbé ohùn sókè.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ Ajé, ketekete ni. Ó ní ojú òun àti ẹsẹ̀ òun wú, orí ti ń fọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú òun ń ṣú. Ó ní òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, ó ti ga kọjá ààlà. Ó ní kí o pe ọlọ́kọ̀ yẹn kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Èmi ìbá ti pè é fúnra mi, mi ò ní nọ́ńbà ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wá gbọ́ tí o ní gbogbo ẹ̀ lo gbọ́, ọkàn mi balẹ̀. Mùtíù! Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ó wà níbẹ̀. Ó ti jókòó sórí páànù onílé láì mọ̀, díìṣì tí kò tíì dè tán yí bìrí, ó bọ́ sílẹ̀ gbàgà. Onílé ń pariwo nísàlẹ̀. Mùtíù gé ìpè Zacchaeus, ó pe nọ́ńbà Táyéwò.

"Bàbá, koríko ojú omi ti dí ọ̀nà," Táyéwò ní nígbà tó gbé e. "Tí mo bá gbéra báyìí, ilẹ̀ á ṣú bá mi láàárín ẹ̀, mi ò ní lè lọ, mi ò ní lè bọ̀. Àfi ní ìdájí ọ̀la."

Mùtíù tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òrùlé onílé, bí ẹni pé Táyéwò lè rí i láti Ìgbòkòdá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Táyéwò náà ń bẹ̀ ẹ́ padà. Ó fi Ọlọ́run búra pé kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, òun á ti wà lórí omi.

Bó ṣe dé ilé, kò mọ̀. Ó gun òrùlé tirẹ̀ nínú òjò winniwinni, ó na ọwọ́ sí ibi tí kébù ti so mọ́ áńtẹ́nà, ó fi abẹ ya rọ́bà túbù. Omi tú jáde sí i lọ́wọ́, omi dúdú tó ń rùn bí irin tó ti dógùn-ún. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí ọ̀nà tín-ínrín kan wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, rọ́bà tó le gan-an yẹn ni kò jẹ́ kó jáde, kò sì rí ibòmíràn lọ àfi inú kébù. Ó bó ẹ̀yìn kébù. Bàbà inú rẹ̀ tó yẹ kó pupa ti ṣú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó gé e ní ìwọ̀n apá kan sí i, dúdú. Ó tún gé ìwọ̀n apá mìíràn, dúdú náà ni. Ó ń gé e bọ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sunkún, ó ń gé e, títí abẹ fi kan igi fèrèsé, kò sì rí ibi kan tí ó mọ́.

Ìsọ̀ kan kò sí ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìkòtún tó ń ta irú kébù rédíò bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dé Àlàbà, wọn á ti tì. Ó wo ògiri ilé rẹ̀, ó rí kébù díìṣì tó lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ti fi ṣe ẹlẹ́yà láti ọdún yìí wá. Ó já a.

Ibẹ̀ ni Sìdíkátù bá a. Ó rí àgékù kébù dúdú nílẹ̀ káàkiri, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń fi eyín bó ti funfun. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Bàbá Qonitah, kí lẹ ń ṣe?"

"Ọmọ wa ní kí n rán ọkọ̀ sí òun lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un. Mi ò gbọ́ ọ."

Sìdíkátù kò pariwo. Ó fi ọwọ́ wá àpótí rẹ̀, ó jókòó. "Ẹ sọ fún mi pé ó ní àlàáfíà ni."

Mùtíù so kébù funfun mọ́ áńtẹ́nà, ó so ó mọ́ rédíò, ó tan án. Ariwo jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ya lu yàrá náà. Abẹ́rẹ́ fò sókè. Ọkùnrin kan ń kí ẹnì kejì rẹ̀ láti Kùtọ̀nù. Àwọn mẹ́ta kan ń fi òyìnbó ṣàwàdà ní Accra, ó ń gbọ́ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń mu tíì. Gbogbo ayé wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó tẹ máìkì, ó pe Qonitah. Ó pè é títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Zacchaeus ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti Àkúrẹ́ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́: "Mùtíù, ó ti pa rédíò. Ìwọ lo ní kó pa á títí di ọ̀la."

Ní Ọjọ́bọ̀, kò ṣí ìsọ̀. Ìdájí ni Táyéwò pè é pé òun ti ń lọ, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ìròyìn kankan mọ́, nítorí fóònù kì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ó kírun Àílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó kírun Aláásárì níbẹ̀. Kò mọ ohun tó ń tọrọ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tọrọ pé kí tìyátọmọ yè. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù, ó kàn ń sọ pé, "Ọlọ́run, ẹ má bínú."

Aago márùn-ún lù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Sìdíkátù ti dìde kúrò lórí àpótí, ó dúró tì í lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú. Abẹ́rẹ́ bá fò dé òpin.

"Bàámi."

Ohùn rẹ̀ kò lókun nínú, ó rẹ̀ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara. Wọ́n ń gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí páànù ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ omi tó ń lu òpó ilé. Wọ́n gbọ́ Morónkẹ́, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó ń sọ pé, "Ẹ rọra, Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ̀yìn ti irọ̀rí."

"Bàámi, ọkọ̀ ti dé. Aago méjì ló dé. Wọ́n ń dúró kí omi kún díẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi."

"Alhamdulillahi!" Sìdíkátù pariwo.

"Mo ti bímọ lánàá. Gìrì mú mi láàárọ̀ àná, mi ò mọ nǹkan kan mọ́, Morónkẹ́ ló gbẹ̀bí. Ọkùnrin ni. Kò ké." Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ọkọ Morónkẹ́ ti wọ inú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Bàámi. Ó ti gbé àjẹ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ tukọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó lọ pe Táyéwò. Èmi ni mo ní kó sọ̀kalẹ̀. Mo ní Bàámi ti gbọ́. Gbogbo wa jókòó, à ń retí ọkọ̀." Ó tún mí. "Bátìrì mi ò fìgbà kan kú. Ẹ ní ẹ gbọ́ mi. Ẹ ní gbogbo ẹ̀ lẹ gbọ́."

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí máìkì tirẹ̀, ó kan bàbá rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Mùtíù gbé máìkì. Ìṣe ọjọ́ mẹ́wàá yẹn dé e lẹ́nu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kó má mikàn. Ó gbé òjò wò, ó gbé bátìrì wò, ó gbé kébù wò, kò sí èyí tó ṣeé sọ fún ọmọ náà. Sìdíkátù ń wò ó.

"Mi ò gbọ́ ẹ, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Abẹ́rẹ́ tún fò sókè, ó sì dúró sókè. Qonitah ti tẹ máìkì. Ó ń sunkún, kébù díìṣì yẹn kò sì jẹ nǹkan kan lára rẹ̀. Sìdíkátù jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mùtíù jókòó síbẹ̀ títí ọmọ náà fi sun ún tán, kò sì yí ohùn rédíò náà sílẹ̀.